Irọ́ Ń Sọ Yorùbá, Òótọ́ Ń Sọ Gẹ̀ẹ́sì: Ọ̀rọ̀ Lórí Aláìsàn Jẹjẹrẹ àti Fóònù Ọwọ́ Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí yóò bí àwọn kan nínú. Mo bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n kà á tán ná kí wọ́n tó bínú, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Gbólóhùn kan ti di orin lẹ́nu àwọn dókítà wa àti lẹ́nu àwọn tó pe ara wọn ní ọ̀làjú. Bí aláìsàn bá dé ọ̀dọ̀ wọn, tí ó ní òun kà nípa àìsàn òun lórí fóònù, wọn a kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, wọn a wá ní: "Màmá, ẹ jókòó jẹ́ẹ́, fóònù kò kàwé dókítà." Àwọn tó wà nítòsí náà a sì bá wọn rẹ́rìn-ín. Èmi pàápàá ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí. N kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ìyá mi ni. Aṣọ ni ó ń tà, ó sì mọ owó ṣe ju ọ̀pọ̀ ọkùnrin lọ. Ní òwúrọ̀ Jímọ̀ kan, níbi tí ó ti ń wẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan kókó kan ní ọyàn òsì. Kókó náà tóbi tó èkùrọ́, kò sì dùn ún rárá. Àìdùn yẹn gan-an ni ó tàn án jẹ, nítorí pé a máa ń rò pé ohun tí kò bá dunni kò lè pani. Oṣù mẹ́ta ni ó fi mú un mọ́ra. Nígbà tí ó sọ fún mi, mo mú un lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan. Wọ́n gé díẹ̀ lára kókó náà lọ ṣe àyẹ̀wò, wọ́n ní kí á padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lọ́jọ́ tí a padà dé ibẹ̀, àwọn tó ń dúró de dókítà lé ní ọgbọ̀n. Nígbà tí ó kàn wá, àkókò tí dókítà fi bá a sọ̀rọ̀ kò tó èyí tí ènìyàn fi ń kírun ráká méjì. Ó ní jẹjẹrẹ ni. Ó ní wọn yóò gé ọyàn náà, wọn yóò sì máa fa oògùn sí i lára lẹ́yìn náà. Ó ní kí á lọ wá owó. Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi sọ ìdajì rẹ̀, ó kọ ìyókù sínú ìwé, Gẹ̀ẹ́sì náà ni. Ó wá ké sí ẹni tó kàn.

N kò bú dókítà náà o. Ènìyàn kan kò lè dá ọgbọ̀n aláìsàn lóhùn láàárọ̀ ọjọ́ kan kí ó tún ráyè fi ọwọ́ lé ẹnì kọ̀ọ̀kan léjìká. Ṣùgbọ́n obìnrin tí wọ́n sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún, tí kò gbọ́ ju ìdajì rẹ̀ lọ, níbo ni yóò ti gbọ́ ìdajì kejì?

Òru ọjọ́ náà ni ó gbọ́ ọ. Lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ ti sùn, ó mú fóònù, ó tẹ "jẹjẹrẹ ọyàn" sí i ní èdè Yorùbá. Kò pẹ́ rárá tí ọkùnrin kan fi yọ jáde. Ó wé láwàní, ohùn rẹ̀ tutù, ó fi bísímílà bẹ̀rẹ̀, ojúlówó Yorùbá ni ó sì ń sọ. Ó ní abẹ kì í kan jẹjẹrẹ. Ó ní bí abẹ bá kàn án, ńṣe ni yóò fọ́n ká gbogbo ara, tí yóò sì pa ènìyàn kíákíá. Ó ní àwọn òyìnbó mọ̀ bẹ́ẹ̀, owó ni kò jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Lẹ́yìn èyí ni ó wá ka nọ́ńbà fóònù rẹ̀, ó sì dá iye lé oògùn: ìgò mẹ́ta, ₦65,000.

Àbúrò mi rà á. Ó rà á lẹ́ẹ̀mẹrin. Oṣù mọ́kànlá ni ó fi ń mu ún, tí ó ń sọ fún wa pé òun ń lọ sí ilé ìwòsàn. Nígbà tí àṣírí fi máa tú, kókó náà ti bẹ́, ó ti di egbò, ó ti dé abíyá, ó sì ti dé ẹ̀dọ̀fóró. Oṣù Rájábù ni a sin ín. Kí Ọlọ́hun forí jìn ín, kí Ó fẹ sàréè rẹ̀.

Níbi fídàú ọjọ́ kẹjọ, aládùúgbò kan mi orí, ó ní: "Ẹ ò rí i? Fóònù ló pa á." Mo fẹ́ dá ọkùnrin náà lóhùn nínú ìwé yìí, nítorí pé n kò rí ẹnu dá a lóhùn lọ́jọ́ náà.

Fóònù kọ́ ló pa á. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé ó ní jẹjẹrẹ, ìbéèrè tó wà lọ́kàn rẹ̀ lóru kò lóǹkà. Ṣé n ó kú? Ṣé ọmọ tí mò ń fún lọ́mú lè kó o? Ṣé irun orí mi yóò re? Ṣé mo lè gba ààwẹ̀ Ràmàdáànì bí wọ́n bá ń fa oògùn sí mi lára? Ṣé ọkọ mi yóò tún wò mí bí obìnrin lẹ́yìn tí wọ́n bá gé e? Ta ni ó wà láago méjì òru tí yóò dá a lóhùn? Dókítà ti lọ sílé. Ọkọ kò tíì gbọ́. Àwa ẹbí, ńṣe là ń sọ pé kí ó má sọ ọ́ síta, kí àwọn ọ̀tá má gbọ́. Fóònù nìkan ni kò lé e dànù. Ẹni tó bá ní kò yẹ kí ó bi fóònù léèrè, kí ó kọ́kọ́ sọ ẹni tó yẹ kí ó bi.

Kíkà nípa àìsàn ara ẹni ti gba àwọn kan là. Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan wà tí ń jẹ́ Dave deBronkart. Ní ọdún 2007 wọ́n rí jẹjẹrẹ ní kíndìnrín rẹ̀, ó sì ti ràn dé ẹ̀dọ̀fóró àti egungun. Dókítà rẹ̀ kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Dókítà náà gan-an ni ó júwe fún un ibi tí àwọn aláìsàn bíi tirẹ̀ ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lábẹ́ ẹgbẹ́ kan tí à ń pè ní ACOR, èyí tí Gilles Frydman dá sílẹ̀ ní ọdún 1995 lẹ́yìn tí wọ́n sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ó ní jẹjẹrẹ ọyàn. Ibẹ̀ ni deBronkart ti gbọ́ nípa oògùn kan tí ń jẹ́ interleukin-2, tí kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ni ó ń lò ó. Ó gbọ́ irú ìnira tí oògùn náà máa ń fà lẹ́nu àwọn tó ti gbà á rí. Ó wá padà lọ gbà á lọ́dọ̀ àwọn dókítà, ara rẹ̀ sì yá. Ẹ jẹ́ kí á fi ojú sí i dáadáa: ó kà, ó bi àwọn tó ti rin ọ̀nà náà rí, ó sì padà sọ́dọ̀ dókítà. Àbúrò mi kà, kò rí ẹni bi, kò sì padà.

Àwọn kan yóò ní ará Amẹ́ríkà ni, ó kàwé ni. Ó dára, ẹ gbọ́ ti ọmọ Ṣáínà kan, Wei Zexi. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni, ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà gan-an ni ó sì ń kọ́ ní ìlú Xi'an. Ní ọdún 2014 wọ́n rí irú jẹjẹrẹ kan tó ṣọ̀wọ́n lára rẹ̀, èyí tí ń mú ẹran ara. Òun àti àwọn òbí rẹ̀ wá ìwòsàn kiri lórí Baidu, tí ó jẹ́ fún àwọn ará Ṣáínà bí Google ti jẹ́ fún wa. Ilé ìwòsàn kan ní Beijing ni ó jáde sókè, wọ́n ní àwọn ní ìwòsàn tuntun tí ń sọ ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn di alágbára. Àwọn òbí rẹ̀ ná owó tó ju yuan 200,000 lọ. Kò ṣiṣẹ́. Ẹ̀yìn èyí ni ọmọ náà wá mọ̀ pé kì í ṣe pé ilé ìwòsàn yẹn dára ju àwọn yòókù lọ ni ó fi wà lókè. Owó ni wọ́n fi ra ipò náà. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún aráyé kà, ó sì kú ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin ọdún 2016, ní ẹni ọdún 21. Inú bí àwọn ará Ṣáínà débi pé ìjọba wọn gbé ìgbìmọ̀ dìde, wọ́n sì pàṣẹ fún Baidu ní oṣù karùn-ún ọdún náà pé kò gbọdọ̀ jẹ́ owó nìkan ni yóò máa fi pinnu ẹni tó máa wà lókè, àti pé ìpolówó kò gbọdọ̀ ju 30 nínú 100 ojú ewé lọ.

Ọmọ tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ni wọ́n tàn báyìí. Ta ni yóò wá pe àbúrò mi aláṣọ ní òpè?

Ní Ọsirélíà, ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Belle Gibson sọ fún gbogbo ayé pé òun ní jẹjẹrẹ inú ọpọlọ, àti pé oúnjẹ tó dára ni òun fi ń wò ó. Ó ta ìwé, ó ta ètò orí fóònù. Ní ọdún 2015 ó jẹ́wọ́ pé òun kò ní jẹjẹrẹ kankan rí láyé òun. Ilé ẹjọ́ bu owó ìtanràn 410,000 dọ́là Ọsirélíà lé e lórí ní ọdún 2017. Àwọn tó ti gbà á gbọ́ ńkọ́? Ta ni yóò san tiwọn?

Ẹ má sì rò pé íntánẹ́ẹ̀tì ni ó bí irọ́ yìí. Kí ó tó dé, àwọn kan ń ta oògùn kan tí wọ́n ń pè ní laetrile, tí wọ́n ń mú jáde láti inú kóró èso kan tí ń jẹ́ apricot. Steve McQueen, gbajúmọ̀ òṣèré sinimá ará Amẹ́ríkà, lọ sí Mẹ́síkò nítorí rẹ̀, ó sì kú síbẹ̀ ní ọdún 1980. Ní ọdún 1982, àwọn dókítà Amẹ́ríkà gbé àbájáde ìdánwò tí wọ́n ṣe fún aláìsàn 178 jáde: oògùn náà kò wo ẹnikẹ́ni sàn, àwọn kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ májèlé, irú májèlé tó wà nínú ẹ̀gẹ́ tí a kò rẹ dáadáa. Ó ti lé ní ogójì ọdún. Síbẹ̀, ẹ wo fóònù yín, wọ́n ṣì ń tà á, wọ́n kàn yí orúkọ rẹ̀ padà sí "Vitamin B17" ni.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí á mú irọ́ tó pa àbúrò mi gan-an, kí á tú u wò. Wọ́n ní abẹ kì í kan jẹjẹrẹ. Kí ló mú kí ọ̀rọ̀ yìí dà bí òótọ́? Nítorí pé gbogbo wa la ti rí ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún tí ó sì kú láìpẹ́ sí i. Ṣùgbọ́n ìgbà wo ni ó lọ? Púpọ̀ nínú àwọn obìnrin wa tó ní jẹjẹrẹ ọyàn ni kì í dé ilé ìwòsàn àfi ìgbà tí ó bá ti dé ìpele kẹta tàbí ìkẹrin. Nígbà náà, àrùn náà ti lè gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀, sí egungun, sí ẹ̀dọ̀fóró, kí abẹ tó dé rárá. Abẹ bá ìfọ́nká nílẹ̀ ni, kì í ṣe abẹ ló fọ́n ọn ká. Àwọn tó tètè lọ nígbà tí kókó ṣì kéré, tí wọ́n gé e, tí wọ́n sì lo oògùn wọn tán, wọ́n wà láàárín wa tí wọ́n ń gbé ọmọ-ọmọ jó. Ṣùgbọ́n wọn kì í pariwo rẹ̀ lọ́jà, nítorí ìtìjú, àti nítorí pé ọmọ wọn obìnrin kò tíì relé ọkọ, wọn kò fẹ́ kí àna sọ pé àrùn ìdílé ni. Òkú là ń rí, a kì í rí alààyè. Orí èyí ni aláwàní orí fóònù kọ́ ilé rẹ̀ sí.

Ẹ̀dùn ọkàn mi gan-an nìyí. Òótọ́ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí jẹjẹrẹ ní ojú ewé tirẹ̀, cancer.gov, tí wọ́n ti ṣàlàyé jẹjẹrẹ lóríṣiríṣi fún dókítà lọ́tọ̀, fún aláìsàn lọ́tọ̀, lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹgbẹ́ Cancer Research UK ní tirẹ̀ ní Ìlú Ọba. Ilé ìwòsàn Memorial Sloan Kettering ní New York kó ewé àti egbò jọ sí ojú ewé kan tí wọ́n pè ní About Herbs, wọ́n sì sọ ohun tí àyẹ̀wò fi hàn nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, títí kan èyí tó lè ba oògùn jẹjẹrẹ jẹ́ nínú ara. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀. Ìyá tó ń kà Al-Kùránì geere ní èdè Lárúbáwá, tó sì ń ka ìwé Yorùbá, kò lè kà á. Irọ́ ni ó tọ̀ ọ́ wá nílé pẹ̀lú èdè abínibí rẹ̀, pẹ̀lú òwe, pẹ̀lú sálámà. Òótọ́ jókòó sí Amẹ́ríkà, ó ń retí kí ó wá kọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Kódà Gẹ̀ẹ́sì náà kò mọ́ tán. Ní ọdún 2021, àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà tẹ àbájáde ìwádìí wọn jáde. Wọ́n mú àpilẹ̀kọ 200 tí àwọn ènìyàn pín káàkiri jù lọ lórí Facebook àti irú rẹ̀ nípa jẹjẹrẹ ọyàn, ti ọkùnrin, ti ìfun àti ti ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n fún àwọn onímọ̀ kà. Bí ìdá kan nínú mẹ́ta ni irọ́ wà nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn yẹn ló sì lè ṣe aláìsàn ní jàǹbá. Irọ́ ni àwọn ènìyàn sì ń pín ju òótọ́ lọ.

Mo mọ ohun tí àwọn kan ti ń sọ lọ́kàn: "Ẹni yìí ti kọ àgbo." Rárá o. Àgbo ni ìyá mi fi tọ́ mi. Ara ewé ni àwọn òyìnbó náà ti rí díẹ̀ nínú oògùn jẹjẹrẹ wọn. Vincristine, tí wọ́n fi ń tọ́jú ọmọdé tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, ara òdòdó kan láti Madagascar ni wọ́n ti mú un. Paclitaxel, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní ọdún 1992, èèpo igi kan ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Ṣùgbọ́n wọ́n wọn ìwọ̀n rẹ̀, wọ́n dán an wò lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, wọ́n kọ iye ẹni tó kú àti iye ẹni tó yè sílẹ̀. Ẹni tó ta ìgò fún àbúrò mi, ìwé wo ni ó kọ ọ́ sí?

Ẹ mú ti ewé sáwásọ́ọ̀pù tó gba gbogbo WhatsApp kan. Òótọ́ ni pé omi rẹ̀ ń pa irúgbìn jẹjẹrẹ nínú àwo àyẹ̀wò. Kẹrosíìnì náà yóò pa á bí ẹ bá dà á sínú àwo ọ̀hún. Ohun tí a fẹ́ mọ̀ ni bóyá ó wo ènìyàn sàn, kò sì sí ìdánwò kan tó fi hàn bẹ́ẹ̀. Ní erékùṣù Guadeloupe, láti ọdún 1999 ni àwọn dókítà ti ń kọ ọ́ pé àwọn kan tó ń jẹ ẹ́ lájẹjù, tí wọ́n sì ń mu omi ewé rẹ̀, ní àìsàn ọwọ́ gbígbọ̀n àti ara líle. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ránṣẹ́, ẹ ti ka ìyẹn rí bí?

Ọ̀rọ̀ habatu-sáúdà ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin àáfà wa fi sùúrù gbọ́. Mo gba hàdíìsì náà gbọ́, ó wà nínú Buhárí. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà onímọ̀ tó ṣàlàyé rẹ̀, bíi Al-Khattábì, sọ pé ọ̀rọ̀ gbogbogbòò ni tí ìtumọ̀ rẹ̀ lọ sí orí àwọn àìsàn kan. Ẹni tó bá fi hàdíìsì sí ara ìgò, tí ó wá ní kí aláìsàn má lọ gba oògùn mìíràn, kí ó sọ fún wa onímọ̀ tó kọ́ ọ. Nígbà tí àìsàn dá Sáádù ọmọ Abí Wakáásì wólẹ̀, Ànọ́bì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní kí ó lọ sọ́dọ̀ Al-Hárísì ọmọ Kaladá, nítorí pé oníṣègùn ni ọkùnrin náà. Ó sì wà nínú Abú Dáúdà pé ẹni tó bá ń ṣe ìṣègùn láìjẹ́ ẹni tí a mọ̀ mọ́ iṣẹ́ náà, ọrùn rẹ̀ ni ohun tó bá bàjẹ́ wà.

Bí ẹ bá sì fẹ́ ẹ̀rí ti ayé òde òní, àwọn dókítà ní yunifásítì Yale gbé ìwádìí kan jáde ní ọdún 2017. Wọ́n mú aláìsàn 281 tí jẹjẹrẹ wọn kò tíì ràn káàkiri, tí wọ́n kọ ìwòsàn dókítà tí wọ́n mú ọ̀nà mìíràn, wọ́n fi wọ́n wé àwọn tó gba ìwòsàn. Ewu ikú àwọn tó kọ̀ ọ́ jẹ́ ìlọ́po méjì àti ààbọ̀. Ti jẹjẹrẹ ọyàn burú jù: ó lé ní ìlọ́po márùn-ún.

"Kádàrá ni." Ọ̀rọ̀ tó kù lẹ́nu àwọn ènìyàn nìyẹn. Mo gba kádàrá gbọ́, Mùsùlùmí ni mí. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ọkùnrin tí òkúta fọ́ lórí nígbà ayé Ànọ́bì, nígbà tí wọ́n wà lórí ìrìn-àjò. Ó nílò ìwẹ̀ jánábà, ó bi àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bóyá òun lè ṣe tàyámọ́mù, wọ́n ní rárá, níwọ̀n ìgbà tí omi wà. Ó wẹ̀, omi kan egbò, ó kú. Nígbà tí Ànọ́bì gbọ́, kò sọ pé kádàrá ni. Inú bí i, ó sọ pé àwọn ló pa á, ó sì bi wọ́n léèrè ìdí tí wọn kò fi béèrè nígbà tí wọn kò mọ̀. Àwọn yẹn kò ta oògùn o, wọn kò gba kọ́bọ̀. Ọ̀rọ̀ lásán ni wọ́n sọ, ọkàn rere sì ni wọ́n fi sọ ọ́.

Nítorí náà ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin ni mo kọjú sí. Ẹ̀yin lẹ ní fóònù tó dára, ẹ̀yin lẹ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ọ̀rọ̀ ìwòsàn bá wọlé, ẹ kì í kà á dé ìparí tí ẹ fi ń tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí ogún ẹgbẹ́, ẹ ó ní láádá lẹ̀ ń wá. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, nígbà tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14, tí Èkó àti Ògùn wà nínú ìpínlẹ̀ 16 tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ta ni ó ń fi ohùn ránṣẹ́ kiri pé yóò sọ wọ́n di àgàn? Abẹ́rẹ́ tó ń dènà kòkòrò tó ń fa jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ! Àwọn ìyá kan fi ọmọ wọn pamọ́ sílé lọ́jọ́ náà nítorí ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe kò le. Bí ìyá yín tàbí bàbá yín bá ní àìsàn yìí, ẹ má gba fóònù lọ́wọ́ wọn. Ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ jọ wá a. Ẹ kọ́kọ́ lọ gba ìwé àyẹ̀wò: irú jẹjẹrẹ wo ni, ìpele wo ni ó dé? Nítorí pé ẹni tí kò bá mọ ìyẹn, oògùn ẹlòmíràn ni yóò máa kà kiri. Bí ọ̀rọ̀ kan bá jáde, ẹ wo ẹni tó kọ ọ́ àti ohun tí ó ń tà. Ẹni tó ń sọ ìwòsàn tó sì ń sọ iye owó nínú gbólóhùn kan náà, ẹ sá fún un. Ẹ wo ọdún tí ó kọ ọ́. Ẹ wo bóyá ènìyàn ni wọ́n dán an wò lára rẹ̀ àbí eku. Lẹ́yìn náà kí ẹ kọ ìbéèrè mẹ́ta sínú ìwé, kí ẹ mú un lọ bá dókítà, kí ẹ má sì dìde lórí àga títí yóò fi dáhùn. Kí ẹ sọ fún un bí ìyá yín bá ń mu àgbo. Ẹ̀rù ìbáwí ni kì í jẹ́ kí àwọn aláìsàn sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni àgbo mìíràn ń bá oògùn jà nínú ẹ̀dọ̀.

Ẹ̀yin dókítà Mùsùlùmí, ẹ wà nínú ẹgbẹ́ wa yìí, a mọ̀ yín. Ẹ ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì ní gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì lọ́dọọdún. Ẹ wá sí mọ́ṣáláṣí wa lẹ́yìn ìrun Ìṣáì lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ẹ fi Yorùbá sọ ọ́, kí ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa gbà á sílẹ̀ sórí fóònù, kí ohùn yín náà máa lọ káàkiri. Àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ fún àgbáyé fojú bù ú pé ní ọdún 2022 nìkan, àwọn tí jẹjẹrẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ní Nàìjíríà lé ní 120,000, àwọn tó sì kú lé ní 75,000. Àwọn tó ń ta ìgò kò sinmi.

Fóònù àbúrò mi wà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin báyìí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ohùn kan wọlé sí i láti ọ̀dọ̀ aláwàní. Ó ní oògùn tuntun ti dé, ó sì ti dín owó fún àwọn oníbàárà àtijọ́. Ọmọ náà gbé e wá fún mi gbọ́. N kò pa á rẹ́. Bí ọkùnrin náà tàbí irú rẹ̀ bá ń ka ìwé yìí, kí ó mú aláìsàn kan péré wá tí òun wò sàn, pẹ̀lú ìwé àyẹ̀wò ilé ìwòsàn ti ìṣáájú àti ti ìkẹyìn. Kí ó fi wọ́n ránṣẹ́ sí olóòtú. Mo ti bá olóòtú sọ ọ́: wọn yóò tẹ̀ ẹ́ jáde ní ojú ewé yìí kan náà, èmi ni n ó sì san owó bébà.